Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Tètè Ń Wọ̀ Lára, Ní Ibi Iṣẹ́ àti Lórí Fóònù

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ nǹkan fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ìtàn náà jù wá lọ kò kéré níye, wọn yóò sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ti wà lọ́kàn wa láti ọdún mélòó kan, a sì jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí pé àwa fúnra wa ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni òun náà. Mùṣín ni ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Yábàá ni ó ti rí iṣẹ́, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ti pọ̀ sí i ní àdúgbò náà láti ìgbà tí Co-Creation Hub ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ níbẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ náà dára, owó rẹ̀ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó tọ̀ wá wá nínú yàrá tí a ti ń múra, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Yàrá ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan ń pariwo lórí fóònù, ẹnìkan ń gbọ́ orin, jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ fèrèsé. Bí ọ̀gá bá ń bá ẹlòmíràn wí, àyà tirẹ̀ ni yóò máa já. Bí ó bá délé, ara rẹ̀ yóò dàbí ti ẹni tí a nà ní pàṣán. Lékè gbogbo rẹ̀, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọ̀gá rẹ̀ fi gbólóhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, láìkí i, láìṣàlàyé. Gbólóhùn náà ni kò jẹ́ kí ó sùn.

A kò béèrè ohun tí gbólóhùn náà sọ. A sọ fún un pé ọkùnrin ni, kí ó di àmùrè rẹ̀ le. A sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Ojúẹlẹ́gbá tí wọn kò rí iṣẹ́ kankan ṣe. A ka ibi kan nínú Bíbélì fún un, a gbé ọwọ́ lé e lórí, a sì gbàdúrà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ wá sọ fún wa pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti pa fóònù rẹ̀, kò sì jáde kúrò nínú yàrá mọ́ àfi bí ó bá fẹ́ wẹ̀. Ìgbà náà ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí ó yẹ kí a ti mọ̀ ṣáájú.

Àwọn ènìyàn kan wà tí ohun gbogbo máa ń wọ̀ ní akínyẹmí ara. Ariwo tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ni yóò máa dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá wọ yàrá tí ènìyàn méjì ti jà, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọn yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn a máa mú wọn sunkún, ọ̀rọ̀ ìbáwí a máa gbé inú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nínú èdè wa, orúkọ tí a ní fún wọn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò dára: ẹlẹ́kún, ojo, ọmọ tí kò lè gba ọ̀rọ̀ sára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa tún mọ ìhà kejì rẹ̀, nítorí wọ́n ń yin ẹni tí ó ní ojú inú, wọ́n sì wí pé ìfura ni oògùn àgbà. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé ìwà kan náà tí a ń yìn lára àgbà ni a ń nà kúrò lára ọmọdé.

Dókítà Elaine Aron, obìnrin onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ kí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1996 ni ó kọ ìwé kan lórí rẹ̀ fún tẹrú tọmọ. Ní ọdún 1997, òun àti ọkọ rẹ̀, Arthur Aron, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde fún àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú ìbéèrè 27 tí a lè fi mọ̀ bí ẹnìkan bá jẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe pé ọkàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò lágbára. Ohun tí ó ń wọlé láti ojú àti etí ni ọpọlọ wọn ń yẹ̀ wò tinú tòde kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá. Ẹni tí ó ń yẹ gbogbo ẹrù wò ní ibodè yóò rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ṣùgbọ́n yóò tètè rẹ̀ ẹ́, pàápàá bí ẹrù bá pọ̀. Àìsàn kọ́ ni, ẹ̀dá ni.

Wọn kò sì ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, láàrin àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nǹkan bí 31 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ tètè ń wọ̀ lára gidigidi, 40 wà ní agbedeméjì, 29 yòókù kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kà o, kì í ṣe àwa. Ṣùgbọ́n bí tiwa bá tilẹ̀ jẹ́ ìdajì tiwọn, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò wà nínú kíláàsì ọmọ 30. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún yẹ àwọn ìbejì wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. (Àwa tí a ní Igbó-Ọrà nílẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.) Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ kan àti èkejì nínú ìwà yìí ni ó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, ìdajì yòókù wá láti inú ohun tí ojú wọn rí nínú ayé. Nítorí náà, òbí tí ó ń bínú pé ọmọ òun ń tètè sunkún, kí ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ àti ẹni kejì rẹ̀.

Ní ìgbà tiwa nílé-ẹ̀kọ́, ẹnìkan wà nínú wa tí ó máa ń fi ọwọ́ di etí bí agogo oúnjẹ bá lù. Orúkọ ìnagijẹ tí a fún un kò ṣeé kọ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó máa ń mọ ọjọ́ tí inú olùkọ́ kò dùn, kí olùkọ́ náà tó wọlé, láti inú ìró bàtà rẹ̀ nìkan. Àìmọye ẹgba ni ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. A jàǹfààní ìfura rẹ̀, a sì fi ìfura náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìlú Èkó. Kí ó jí ní aago márùn-ún ní Ìdí-Orò, kí ó wọ dánfó tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń fi ọwọ́ lu ara rẹ̀, kí ó gba Ojúẹlẹ́gbá kọjá, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Tẹ̀júoṣó, kí ó tó dé ibi tí a ó ti sọ fún un pé kí ó fi ọpọlọ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan ti parí lára rẹ̀ kí èyí tí a ń san owó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì padà sílé ní alẹ́, àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró dè é. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àwọn arákùnrin wa nínú iṣẹ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé ìjọsìn Krístì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. A ṣe bí ẹni pé inúnibíni ni. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó béèrè pé ta ni ariwo wa ń pa lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Nígbà tí a padà sí inú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí lọ́kàn, ìtàn Èlíjà ni ó dá wa dúró. Ọgbọ̀n ọdún ni a ti ń wàásù lórí ìtàn náà, a kò sì rí i rí. Ọkùnrin yìí dá dúró níwájú 450 wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì, níwájú ọba àti gbogbo ìlú, kò sì mì. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀, Jésébẹ́lì, rán ìránṣẹ́ sí i pé kí ó tó di ìwòyí ọ̀la, òun yóò pa á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó jẹ́. Ojú kò rí ojú. Ọkùnrin tí ogunlọ́gọ̀ kò bà lẹ́rù sá dé Bíá-Ṣébà, ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó dá wọ inú aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Ẹ kíyè sí ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò wàásù fún un. Kò sọ fún un pé kí ó di àmùrè rẹ̀ le. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún bọ́ ọ. Ẹ̀yìn èyí ni ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbi tí ìjì ti jà, tí ilẹ̀ ti mì, tí iná ti jó, tí Olúwa kò sì sí nínú ọ̀kankan nínú wọn, àfi ìgbà tí ohùn kékeré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wá. Ìbéèrè ni ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ó sì fi ara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yìn náà ni ó tó rán an padà sí ẹnu iṣẹ́, tí ó sì fi Èlíṣà kún un kí ó má baà dá nìkan wà mọ́. Àwa ti fi àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún rọ́pò oorun, oúnjẹ, ìbéèrè àti ọ̀rẹ́. Kì í ṣe àdúrà náà ni ó burú. Ipò tí a fi í sí ni kò tọ́.

Ní ti fóònù, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Àwọn baba wa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí Yorùbá bá fẹ́ bá ènìyàn wí, yóò kọ́kọ́ kí i, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, ojú rẹ̀ yóò sì ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ìyókù. Láti oṣù Ògún ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ gbogbo wa ni ojú ti ń kúrò nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a ń pe ara wa, ohùn ṣì wà. Nígbà tí WhatsApp dé, ohùn náà lọ, ó ku lẹ́tà. Ní ọdún 2014 ni wọ́n tún fi àmì aláwọ̀ búlúù méjì kún un, tí ó ń sọ fún ẹni tí ó kọ̀wé pé a ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàápàá ti di èsì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ lára yóò wo àmì náà, yóò sì lọ jẹun. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jókòó tì í, yóò máa ro ohun tí òun ṣe.

Ó tún wá ku ohun kan tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá ní pàtàkì. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn aṣíwájú ìjọ CMS pàdé ní Èkó níhìn-ín, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà láàrin wọn, lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àti àmì orí rẹ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀. Wọn kò ṣe é fún ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, gbogbo wa ni a ti ju àmì nù. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ gbólóhùn tí ọ̀gá ọmọ yìí kọ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó kọ ni: “o ti gbagbe ise re”. Ọmọ náà kà á pé, o ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ. Ó wádìí gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò rí èyí tí ó gbàgbé, ó sì wá gbà pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi lè rí i. Ohun tí ọ̀gá náà ń sọ ni pé, ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wọn kan ni ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀gá sì fẹ́ kí ọmọ yìí bá a mú un ní òwúrọ̀. Àmì méjì péré ni ó wà láàrin ìtumọ̀ méjèèjì. Oṣù mẹ́ta ni ó tó kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kí a sì tó mọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ló dé tí kò pe ọ̀gá rẹ̀ kí ó béèrè? Ìbéèrè rere ni. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè ń wọ̀ lára yóò bá kọ́ ohun kan ṣoṣo nípa fóònù, òun ni kí ó máa béèrè kí ó tó túmọ̀. Ìfura rẹ̀ dára nígbà tí ojú bá wà níwájú rẹ̀, nítorí ojú ni ó ń kà. Lórí fóònù kò sí ojú láti kà, ọkàn rẹ̀ yóò sì fi ẹ̀rù ara rẹ̀ kún àyè tí ó ṣófo. Kí ó má dá ọ̀rọ̀ tí ó bá dùn ún padà ní alẹ́. Kí ó sùn, kí ó jẹun, kí ó tún un kà ní òwúrọ̀, kí ó sì gbé fóònù kí ó gbọ́ ohùn ẹni náà. A lè pa àmì búlúù yẹn nínú ètò WhatsApp, a sì lè pa ìró àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọ yín yóò fi bí a ti ń ṣe é hàn yín. Kí fóònù sùn sí yàrá mìíràn bí yàrá mìíràn bá wà, bí kò bá sì sí, kí ó sùn sínú àpò ìwé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ń gba ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹrù yìí tọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́ ọdún yín lórí WhatsApp, ẹ fi ìkíni ṣáájú. Ẹ má bá ẹnìkan wí ní ojú gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí ó bá lè dúró di àárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Nínú ẹgbẹ́ ọdún tiwa, a rí àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó jáde kúrò láìsọ̀rọ̀ nítorí àwàdà tí a fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe. A rò pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ ń dùn.

Ní ibi iṣẹ́, ọgbọ́n ni ó gbà ju agídí lọ. Ẹni tí ariwo ń pa lára kò lè pa gbogbo Yábàá lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó lè mọ wákàtí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́, kí ó fi iṣẹ́ tí ó le jù sí àkókò náà, kí ó sì fi èyí tí ó rọrùn sí ìgbà tí ariwo bá pọ̀. Òwú tí a fi ń dí etí kò wọ́n. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán, kí ó jáde, kí ó rìn, kí ó má jẹun níwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá kan náà. Olúwa wa pàápàá, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò ráyè jẹun, ni ó pè wọ́n lọ sí ibi tí ó dákẹ́ láti sinmi díẹ̀, kò sì pe ìyẹn ní ọ̀lẹ.

Bí ó bá sì fẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó má wí pé ara òun kò gbà á, nítorí ọ̀gá Èkó yóò sọ fún un pé ara ta ni ó gbà á. Kí ó sọ ohun tí iṣẹ́ yóò jèrè. Kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ẹ bá lè jẹ́ kí n máa dé ní aago méje kí n sì máa lọ ní aago mẹ́rin, iṣẹ́ tí mo ń fi ọjọ́ méjì ṣe, ọjọ́ kan ni n ó máa fi ṣe é.” Ọ̀gá tí ó lọ́gbọ́n yóò gbọ́ èyí, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú ìwé kí ó tó di gbèsè, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń mọ̀ pé inú oníbàárà kò dùn kí oníbàárà náà tó lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí ó yí èrò wa padà pátápátá ni ìwádìí kan tí a ṣe láàrin àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àdúgbò kan tí ìyà ń jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 11 tàbí súnmọ́ ọn ni wọ́n. A kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ bí a ti ń fara da ìṣòro kí ìbànújẹ́ má baà borí ẹni. Michael Pluess àti Ilona Boniwell gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ tètè ń wọ̀ lára ni ìbànújẹ́ wọn dínkù. Ní ti àwọn yòókù, ẹ̀kọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohunkóhun padà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ wa ni ó wà. Ara tí ọ̀rọ̀ búburú tètè ń wọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rere tètè ń wọ̀. Bí a bá nà án kí ó le, a ti dí ọ̀nà mọ́ búburú àti rere papọ̀. Ibi tí ọmọ náà wà, ohùn tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀, oorun tí ó ń sùn, ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a tún ṣe.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní Baptist Boys’ High School, ni ó fi í hàn ayé láti ọdún 1954 ní Arọ̀. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Aláìsàn ni àwọn tirẹ̀, ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí ibùgbé àti ará ilé bá lè ran ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ́wọ́, mélòó mélòó ni ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀rù ilé ìwòsàn Yábàá ń ba àwọn òbí. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn náà ti wà, Èkó sì ti sọ orúkọ rẹ̀ di èébú. Bí ọmọ kan bá ti sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní “Yábàá lẹ́fìt” ni. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tètè ń wọ̀ lára kò nílò dókítà nítorí ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ní ojoojúmọ́, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bí ó bá sì sọ pé ó sàn kí òun kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Òfin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wèrè ni ó ń pe gbogbo wọn. Òfin tuntun tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ó sọ wọ́n di ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa ní àgbọ́yé. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ ìbáwí, tí wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe apata. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ohùn ọ̀gá le jù. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá fura sí ni ó jẹ́ òtítọ́. Ọmọ tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí fura, ìfura rẹ̀ sì ṣì í lọ́nà.

Nígbà tí a mọ gbogbo èyí, a lọ sí Mùṣín, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ti dìde kí a tó parí ọ̀rọ̀, ó ń wí pé, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà.” A kò wàásù. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀bà wá, a jẹun. Ó ti ń ṣiṣẹ́ padà báyìí, ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ní Yábàá kan náà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Àgbàdo sí Oyíngbò ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024 ni ó ń wọ̀ láti Mùṣín, ó ní ìdúró ẹyọ kan péré ni, kò sì sí kọ́ńdọ́kítọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, kì í ṣí fóònù rẹ̀. Bí ó bá kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp, ó máa ń fi àmì sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kọ, àwa náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lú ojú wa yìí, ìlà mẹ́ta a máa gbà wá ní ìdajì wákàtí.